Kóòtù Lọ́ńdọ̀nù àti Fáànù Alápá Mẹ́ta

Oṣù kẹfà ọdún 1956 ni Olóyè Isaac Bọ́lárìnwá, Alága Ìgbìmọ̀ Agbègbè Òkè-Ìrójú, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù òtútù. Kóòtù náà dúdú, ó gùn dé ojúgun, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, bọ́tìnnì mẹ́jọ ló sì tò síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ọ̀nà tó ti Ìsẹ̀ lọ sí Ẹmùré rí mọ̀ pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní ohunkóhun tó ń wá níbẹ̀. Àgùntàn tó ni irun ọ̀hún pàápàá, bí wọ́n bá mú un wá sí Òkè-Ìrójú, yóò máa wá ẹni tí yóò bá a rẹ́ ẹ kúrò lára ni.

Alága ní ìdí tirẹ̀. Ó ti gbọ́ ní Àkúrẹ́ pé ìjọba Ìbàdàn fẹ́ yan alága ìgbìmọ̀ mẹ́ta tí yóò lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Alága kì í ṣe ẹni tó ń dúró kí wọ́n pè é kó tó dáhùn. Ó ní òtútù ìlú òyìnbó kì í ṣe ohun tí ara ń kọ́ lọ́jọ́ kan. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ kóòtù, kóòtù sì gbọ́dọ̀ mọ ara. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé, ó wọ̀ ọ́ lọ sí oko lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ́ kòkó. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi dé, òógùn ti fi ilà funfun sí ẹ̀yìn kóòtù náà bí àwòrán odò, Alága sì ti di ẹni tí kì í wọ ilé kankan láìkọ́kọ́ béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí sọ́kàn. Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, inú kóòtù yẹn ló ti wá.

Ohun kejì tí ẹ ní láti mọ̀ ni bí Alága ṣe ń sọ̀rọ̀. Kì í la ẹnu rẹ̀ lásán. Akọ̀wé rẹ̀, Gabriel, ọkùnrin gbọọrọ kan tí ọrùn rẹ̀ gùn ju kọ́là rẹ̀ lọ, yóò kọ́kọ́ mi agogo ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì ka oyè Alága síta: Alága Ìgbìmọ̀, Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Akọrin, Olùdásílẹ̀ Afárá Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tí a kò tíì kọ́, àti Ẹni Àkọ́kọ́ tó Gun Kẹ̀kẹ́ láti Ẹmùré dé Ìkẹ́rẹ́ láìsọ̀kalẹ̀. Bí ó bá ti parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn tó wà ní ìjókòó gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀." Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń dáhùn báyìí. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu débi pé bí Gabriel bá mi agogo láti lé ewúrẹ́ jáde, wọn á ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún náà, òjò kò fún kòkó láyè. Kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní láàárọ̀, wọn á sáré ká a ní ọ̀sán, wọn á tún un sá, wọn á tún un ká. Kòkó tí kò bá gbẹ dáadáa á bu, èyí tó bá sì ti bu, ẹni tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba yóò dà á nù lójú olóko. Ìdí nìyí tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù fi bẹ Ìbàdàn, tí Ìbàdàn sì gbà láti bá wọn kọ́ ilé kan tí wọn yóò ti máa fi afẹ́fẹ́ gbígbóná mú kòkó gbẹ, òjò ì báà máa rọ̀. Wọ́n kọ́ ọ. Ààrò wà lẹ́yìn ilé, páìpù ńlá gba abẹ́ ilẹ̀, àwọ̀n wáyà sì wà lókè páìpù náà tí wọn yóò da kòkó lé lórí, yóò nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ohun kan ló kù, fáànù tí yóò ti afẹ́fẹ́ ààrò wọ inú páìpù, kí ó sì tì í gba àárín kòkó jáde sókè. Ìwé Ìbàdàn ní kí ìgbìmọ̀ fúnra wọn lọ yan èyí tó bá yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé Alága lọ́wọ́, bí ẹni fi ẹyin lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́.

Wọ́n ṣe ìpàdé. Gabriel mi agogo, wọ́n dáhùn, Alága sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí ipa tí afẹ́fẹ́ ń kó nínú ọ̀làjú. Ó ní afẹ́fẹ́ ló gbé ọkọ̀ òyìnbó dé etíkun. Ó ní láìsí afẹ́fẹ́, kò sí ẹni tí ìbá mí, ẹni tí kò bá sì mí kò lè dìbò. Nígbà tó jókòó, tó ń fi ìwé nu ọrùn, Bámijókò na ọwọ́ sókè.

Bámijókò ló ń bójú tó ẹ̀rọ ìlọgàrí ìlú. Ọmọ alágbẹ̀dẹ Ẹmùré ni, ó ti bá àwọn ológun tún ọkọ̀ ṣe ní Bọ́mà nígbà ogun, kò sì ní oyè kankan tí Gabriel lè kà.

"Alága, oríṣi fáànù méjì ló wà," ó ní. "Ọ̀kan dà bí abẹ̀bẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dí i níwájú, ó ń padà sẹ́yìn ni. Ìkejì dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ ò ní rí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ á wọ ihò tóóró, á sì ti ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Kòkó tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹwìrì ló fẹ́. Baba mi ò fi abẹ̀bẹ̀ rọ ọkọ́ rí."

Àwọn àgbẹ̀ mi orí. Alága náà mi orí, ó sì sọ ohun tí Gabriel yóò kọ sínú ìwé ìpàdé: pé Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bámijókò fún ìtàn baba rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, wọ́n gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, Alága níwájú ọkọ̀, Gabriel, Bámijókò àti Adéjọkẹ́ lẹ́yìn. Adéjọkẹ́ yìí ni àwọn obìnrin olóko kòkó fi ṣe aṣojú. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló sì ń gbé Alága pọ̀n lọ sódò nígbà tí kò tíì mọ̀ pé alága lòun máa dà. Ní ọgbà ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan, Stephen, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀, ti to fáànù méjèèjì sílẹ̀ dè wọ́n.

Àkọ́kọ́ ní apá irin mẹ́ta, wọ́n tàn bí orí ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Stephen tan ẹ́ńjìnnì. Apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá sínú ara wọn, afẹ́fẹ́ sì jáde bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn ọ̀run sílẹ̀. Alága dúró síwájú rẹ̀. Láti oṣù kẹfà, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tó báyìí. Ó ṣí bọ́tìnnì kan. Ó ṣí ìkejì. Ó di ojú rẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ lórí afárá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá òyìnbó kan ń kí i.

"Ẹ wo ojú Alága," Gabriel ní. "Ó ti mọ́lẹ̀."

Ìkejì rí rúbútú, àwọ̀ eérú ni, ó ká mọ́ ara rẹ̀ bí ìgbín, ẹnu kékeré kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí apá tí èèyàn lè rí. Nígbà tí Stephen tan án, ó kùn nínú, kò sì dà bí ẹni pé ó ń ṣe iṣẹ́ kankan, títí Alága fi rìn kọjá níwájú ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gba ìsàlẹ̀ wọ inú kóòtù, kóòtù wú bí agboòrùn, ó bo Alága lórí, gbogbo ọgbà sì rí i pé ọ̀já ni Alága fi di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Adéjọkẹ́ bojú wo ibòmíràn. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Bámijókò bẹ Stephen pé kí ó jọ̀ọ́, kí wọ́n fi àpò kòkó bo ẹnu méjèèjì kí gbogbo wọn lè rí i. Wọ́n fi àpò bo ìgbín. Àpò náà wú, afẹ́fẹ́ sì gba ara rẹ̀ jáde, gbogbo eruku tó wà nínú rẹ̀ tú dà síta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò dé ọ̀dọ̀ alápá mẹ́ta ni Alága na ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìjọba lẹ fẹ́ da àpò bò lójú? Ìwà àrífín ni."

Stephen rọra sọ pé ó dára kí wọ́n dán an wò, pé iṣẹ́ kòkó yàtọ̀ sí iṣẹ́ atẹ́gùn ilé. Ọ̀rọ̀ náà bí Alága nínú, bí ó bá sì ti bínú, èdè ilé-ìwé rẹ̀ a máa bọ́ sọnù, èdè ìyá rẹ̀ a sì jáde.

"Mo ti dán an wò. Mo fi ojú mi dán an wò. Ṣé ugbín lẹ fẹ́ kí n mú àlejò Ìbàdàn wá wò ní ulú mi? Kí n dúró ti ugbín, kí wọ́n máa ya fọ́tò wa?"

Bí wọ́n ṣe yan fáànù nìyẹn. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín jù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wọ kóòtù yẹn fún oṣù mẹ́ta, òun náà ìbá yan alápá mẹ́ta.

Wọ́n de fáànù náà mọ́ ẹnu páìpù lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá àgbà kan láti Ìbàdàn, Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká, fi ìwé ránṣẹ́ pé òun yóò wá ṣí ilé náà lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá. Alága ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì rí Lọ́ńdọ̀nù nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àṣẹ ti ń tẹ̀lé àṣẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹfun kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ rìn lápá ọ̀tún títì. Èyí tó dun àwọn àgbẹ̀ jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá kòkó sórí ẹní mọ́ títí àlejò yóò fi lọ, nítorí pé ẹní yóò dójú ti ẹ̀rọ. Gbogbo kòkó ìlú gbọ́dọ̀ wọ inú ilé tuntun ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú, kí ó lè gbẹ kí àlejò tó dé.

Adéjọkẹ́ lọ bá Alága ní ọ́fíìsì. Gabriel fẹ́ mi agogo, obìnrin náà ní kó gbé e sílẹ̀.

"Isaac," ó ní, nítorí òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, "gbogbo kòkó mi ti ọdún yìí nìyẹn. Doyinsọ́lá ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní oṣù kìíní. Mo gbọ́ ohun tí Bámijókò sọ. Bí kòkó mi bá bu sínú ulé rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó mú ọmọ náà wá, ìwọ lo máa kọ́ ọ."

Alága ní ìyá ń sọ̀rọ̀ bí ìyá. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé a kì í pe Alága ní Isaac ní ọ́fíìsì, ó pàṣẹ pé kòkó Adéjọkẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ dà sórí wáyà, kí ti àwọn yòókù sì gùn ún lórí. Kòkó tirẹ̀ gan-an ló ní kí wọ́n dà gbẹ̀yìn, lókè pátápátá, níbi tí ojú àlejò yóò ti kọ́kọ́ bà á. Wọ́n fi àpò ya ti ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí àkàrà òyìnbó alábala, wọ́n dá iná sí ààrò, wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì.

Ní ọjọ́ kejì, Bámijókò wá bá Alága nílé.

"Mo so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn tín-ín-rín, mo fi sórí kòkó. Kò mì. Afẹ́fẹ́ ò gba inú rẹ̀ dé òkè, Alága. Ó ń padà sẹ́yìn ni. Ẹ jẹ́ ká kó kòkó yẹn jáde lónìí."

"Adìẹ ta ni?" Alága béèrè.

Bámijókò kò lóye ìbéèrè náà. Alága tún un béèrè, ó ní adìẹ ẹlòmíràn lè ní ìyẹ́ tó wúwo. Nígbà tí ìyẹn náà kò yanjú ọ̀rọ̀, ó gbéra, ó lọ wo ẹ̀yìn ilé fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan ń ti ẹ̀gbẹ́ apá fáànù padà jáde, ó sì ń fẹ́ sí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá rí ewu níbẹ̀. Alága rí ìbùkún. Ó dúró pẹ́. Ó ní òun kò tíì rí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ síwájú fún kòkó, tó tún ń fẹ́ sẹ́yìn fún ìjọba. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n to àga àwọn àlejò sí. Ó tún ṣe òfin méjì lójú ẹsẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé náà títí di ọjọ́ ìṣílé, a kò sì gbọdọ̀ rí ìyẹ́ adìẹ kankan láyìíká rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́fà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kan ń rìn yí ilé náà ká, ó ń ṣa ìyẹ́.

Òkúta ìrántí ló wá kù. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i kó tó gbẹ. Gabriel ti kọ ọ́ sínú ìwé pé Alága yan fáànù náà pẹ̀lú ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ àti ti Ọ̀gbẹ́ni Bámijókò. Alága wo orúkọ Bámijókò bí ẹni rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. Ó gba páálí ìkọ̀wé, ó fa ìlà sí i, ó sì kọ tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta, wọ́n sì fi aṣọ bò ó di ọjọ́ ìṣílé.

Ọjọ́ náà pé. Òjò dá láàárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ dúdú kan, ó kéré, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lásán àti ṣòkòtò kúkurú, débi pé awakọ̀ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin kọ́kọ́ kọrin fún. Wọ́n mú un lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, níwájú ẹ̀yìn fáànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága àti kóòtù. Ìwé ètò tí Gabriel kọ ní nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún, Alága sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá fo ọ̀kan, tàbí tó dúró láàárín méjì, kó lọ wá iṣẹ́ míràn.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Alága dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ nípa afẹ́fẹ́ àti ọ̀làjú nígbà tí òórùn kan dé.

Ó kọ́kọ́ rọra wá, bí òórùn ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó rìn láti Ilawẹ. Lẹ́yìn náà ó nípọn. Kòkó tí a tì mọ́ ilé fún ọjọ́ mẹ́jọ, tí ooru ń sè, tí atẹ́gùn kò dé, ló ń bá afẹ́fẹ́ padà bọ̀ wá kí ìjọba. Àwọn akọrin dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká yọ áńkáṣífù. Alága gbé ohùn sókè, bí ẹni pé etí ni òórùn ń gbà wọlé, ó dé orí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní òórùn ọjọ́ iwájú lẹ ń gbọ́ yìí.

Àlejò dìde. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan kòkó.

Kò sí nínú ètò. Alága ní kó jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òun ku ojú ewé mọ́kànlá. Àlejò ti ń lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ kòkó tó wà lókè. Nígbà tó yọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ funfun títí dé ìgbọ̀nwọ́ bí ti ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. Ó ti bu. Kòkó Alága fúnra rẹ̀ ni.

Àlejò kò pariwo. Ohun tó ba Alága lẹ́rù jù nìyẹn. Ó fi ojú wá inú èrò, ó wo fáànù, ó wo páìpù, ó sì béèrè pé, "Ta ló yan fáànù yìí?"

Alága rí i pé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ti fẹ́ dí, ó sì rí ibi tó lè sá gbà. Bámijókò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, epo lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lè lẹ̀ mọ́ ọn, yóò pàdánù ẹ̀rọ gàrí, orúkọ rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ dé Ẹmùré, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Alága na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ọkùnrin yìí la gbọ́kàn lé. Òun ló lọ sí Àkúrẹ́, òun ló sọ fún wa pé..."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí agogo dún lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà keje, ọ̀rọ̀ Alága, ti dáwọ́ dúró. Nọ́ńbà kẹjọ, àlejò yóò wo ilé, ti kọjá. Nọ́ńbà kẹsàn-án ló kàn, Gabriel kò sì gbọdọ̀ dúró láàárín méjì. Ó fa aṣọ kúrò lórí òkúta, ó sì fi ohùn tó fi ń ka oyè kà á síta:

"Fáànù yìí ni Olóyè Isaac Bọ́lárìnwá, Alága, fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, láìgba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni."

Gbogbo ìlú, ọmọdé, àgbà, akọrin, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó ṣa ìyẹ́, dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká ka òkúta náà fúnra rẹ̀, ó fi áńkáṣífù nu ọwọ́, ó sì kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Alága gbìyànjú láti wo ohun tó kọ. Orúkọ ìlú kan ló rò pé yóò rí. Àwòrán ìgbín ló rí.

Adéjọkẹ́ kò dúró de nọ́ńbà kẹwàá. Ó ti wọlé, àwọn obìnrin tẹ̀lé e, ẹní tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn láti ìgbà òfin ti ń jáde láti ilé dé ilé. Wọ́n ń ká àpò kúrò ní ìpele ìpele. Ti òkè bàjẹ́. Ti àárín ti ń fẹ́ bu. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ pátápátá, lórí wáyà, níbi tí ìwọ̀nba atẹ́gùn tó lágbára díẹ̀ dé, Adéjọkẹ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó mi ín létí. Ó ń dún. Kòkó rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n, ó sì ń ta sánsán. Ó jókòó sílẹ̀ lórí wáyà náà, ó ń mi ẹ̀kúnwọ́ kòkó náà létí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé méjì ti Ìbàdàn dé. Ọ̀kan yan alága tuntun. Ìkejì ní kí wọ́n lọ gba ìgbín ní Àkúrẹ́, kí wọ́n dá alápá mẹ́ta padà. Gabriel ń ka oyè fún alága tuntun báyìí. Ó ti fi afárá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kún un, nítorí pé kò fẹ́ kó ṣòfò. Àwọn kan ní kí wọ́n fọ́ òkúta ìrántí. Adéjọkẹ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ tí Bámijókò de ìgbín mọ́ páìpù, oríkèé irin méjèèjì kò bá ara wọn mu dáadáa, afẹ́fẹ́ sì ń jò níbẹ̀. Ó wá àpò, àpò fẹ́lẹ́ jù. Ó wá ẹní, iná ààrò lè ràn án. Ó ní aṣọ irun àgùntàn tó nípọn lòun ìbá rí.

Ẹni kan péré ló ní irú rẹ̀ láti ibẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, ó sì dúró lábẹ́ igi obì tó wà níwájú ilé kòkó náà, bí ó ti ń wá dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní dídè.

"Isaac," Adéjọkẹ́ ní, "bọ́ kóòtù yẹn fún wa."

Ó wo òkúta ìrántí, ó wo ọ̀nà Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè, bí ẹni ń ka ìwé tí kò fẹ́ kó parí. Bámijókò fi ọwọ́ méjèèjì gba kóòtù náà, ó kí i, ó wé e mọ́ oríkèé páìpù, ó sì de bọ́tìnnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó bá a mu bí ẹni pé páìpù ni wọ́n gba ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Adéjọkẹ́ so ìyẹ́ adìẹ kan sórí kòkó, ìyẹ́ náà sì dìde, ó ń jó.

Kò sí ẹni tó ń wo Isaac Bọ́lárìnwá. Ó dúró lábẹ́ igi obì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì, apá rẹ̀ ṣófo, ó sì na ojú sókè bí ẹni gbọ́ ìró. Nǹkan tútù kan ń gba ọrùn rẹ̀ kọjá, ó ń wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń mú òógùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti oṣù kẹfà gbẹ.

"Níbo ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń wá?" ó béèrè.

Adéjọkẹ́ kò yíjú kúrò lára kòkó rẹ̀.

"Láti odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni," ó ní. "Ó ti ń fẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́."